Ọjọ́bọ̀, Aago Méjì

Wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí ikú yóò dé.
Bàbá mi mọ̀ ọ́n.
Ó wà lára kàlẹ́ńdà ilé ìdáná wa,
lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí,
ṣáájú ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ yọ eyín:
Ọjọ́bọ̀, aago méjì ọ̀sán, dókítà.
Èmi ni mo kọ ọ́,
nítorí ọwọ́ tirẹ̀ ti kú ṣáájú rẹ̀.

Ọwọ́ tó tu ọkọ̀ láti Harlingen dé Groningen
fún ogójì ọdún,
tó ń ta kókó okùn nínú òkùnkùn, nínú òjò yìnyín,
kò lè gbé ṣíbí mọ́.
Orí ìka ni àrùn náà ti bẹ̀rẹ̀, ó ń gòkè bọ̀
bí omi òkun tí ń gun ebè gíga tí a fi dí i lọ́nà,
díẹ̀díẹ̀, láìpariwo.
A mọ ibi tó ń lọ: ọ̀fun. Lẹ́yìn ọ̀fun, èémí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Dókítà Sjoerdsma bi í,
lóṣù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀:
"Wiebren, ṣé ohun tí ẹ fẹ́ nìyí?"
Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní bẹ́ẹ̀ ni.
Dókítà mìíràn tún ti Leeuwarden wá,
àjèjì tí kò mu kọfí wa,
òun náà bi í, òun náà kọ ọ́ sílẹ̀.
Kò sẹ́ni tó bi mí.
Kò sì yẹ kí wọ́n bi mí. Mo mọ̀.

Douwe, àbúrò mi, kò wọlé.
Ó wà lẹ́bàá odò, ó ń kun ìdí ọkọ̀ lọ́dà,
ọkọ̀ tí a kò ní gbé lọ síbì kankan mọ́.
Ó ní, "Ọlọ́run ló yá wa ní èémí,
olóhun ló ń dá ọjọ́ tí yóò gba ohun rẹ̀."
Bàbá rẹ́rìn-ín nígbà tí mo jíṣẹ́ fún un.
"Mo ti san owó yẹn padà tipẹ́," ló wí.
"Èlé ni mò ń san báyìí."

N kò mọ ẹni tí ǹ bá dá láre.
Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín.
Ẹ̀sín wo ló wà nínú kí ọmọ nu ìdí bàbá rẹ̀?
Òun náà nu tèmi rí,
kò sẹ́ni tó ní kí n kú.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí n kò sọ fún Douwe.
Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù kejì,
ìgbà kẹrin tí mo pààrọ̀ aṣọ ibùsùn,
mo mí kanlẹ̀.
Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.
Bàbá ń wo àjà. N kò mọ̀ bóyá ó gbọ́.
Ilẹ̀ mọ́, ó ní kí n bá òun pe dókítà.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbé ìmí yẹn lé ìwọ̀n,
mò ń gbé e, mò ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀.
Ta ló rán an níṣẹ́,
ṣé àrùn ni, àbí èmi?

Ọjọ́bọ̀ dé. Ó ní kí n fá irùngbọ̀n òun.
Mo rọra fá a, mo ń ṣọ́ra kí n má gé e,
bí ẹni pé ojú ọgbẹ́ yóò ráyè jinná.
Àgùntàn ń jẹko lórí ebè òkun.
Ẹnìkan gun kẹ̀kẹ́ kọjá, ó ń súfèé.
Aago méjì ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ó já bọ́ lẹ́nu mi:
"Bàbá, ṣé ìmí tí mo mí lóru ọjọ́ yẹn ni?"

Ó wò mí pẹ́.
Ohùn rẹ̀ ti di ti ẹni tó wà lábẹ́ omi.
"Ìmí wo?"

Bóyá lóòótọ́ ni kò gbọ́.
Bóyá ẹ̀bùn tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ilẹ̀kùn dún. Douwe ló kọ́kọ́ wọlé, ọ̀dà lọ́wọ́ rẹ̀,
kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀,
ó di ẹsẹ̀ bàbá mú nínú ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn.
Dókítà tẹ̀ lé e. Ó tún bi í.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo lọ yọ eyín.
Obìnrin náà tẹ àga sẹ́yìn,
ó ní kí n mí kanlẹ̀.
N kò lè ṣe é.